Ọ̀gá Tó Wá Kọ́ Wa ní Àjùmọ̀ṣe

Bí mo bá rí ìnujú funfun, ọ̀gá tí wọ́n ń rán láti Lọ́kọ́ja wá kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Agbaja ni mo máa ń rántí. Tó bá bọ̀ wá lọ́wọ́ tán, yóò nu tirẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àfi bíi pé ọgbọ́n ló ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́jọ la tì í jáde. Ọ̀gá kò sọ̀ kalẹ̀. Ńṣe ló ti gíláàsì pa.

A dé kíláàsì, ẹrẹ̀ ṣì wà lára wa, ó ní, "Ìṣòro ẹ̀yin ará oko ni pé ẹ ò mọ àjùmọ̀ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.