Àwọn Ará Òfuurufú Tó Gba Ilé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Òórùn pẹtiróòlù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń jáde lára jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Èyí wúwo, ó ń rí èèyàn lára, ó sì jókòó sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo gbọ́ tí màmá mi ń fa omi ní kànga, tí okùn ń ha ẹnu kànga, tó sì dáwọ́ dúró lójijì.

"Ta ló da epo sínú omi yìí?"

Ó da omi náà nù, ó fa òmíràn, ó tún da ìyẹn náà nù. Nígbà tí mo fi máa jáde, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti tutù, omi tó dà sílẹ̀ sì ń dán lórí sìmẹ́ǹtì bí òṣùmàrè. Ó rẹwà lójú mi. Àbúrò mi, Jùwọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ ó fẹ́ ti ìka bọ̀ ọ́, màmá wa sì gbá a lọ́wọ́ kíákíá.

Ìjẹ̀gùn là ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò kan tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní ọ̀dà, tó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ló lè dé ibẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ìbàdàn ni bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù la máa ń rí i. Nọ́ọ̀sì ni màmá wa ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkọ̀tún, kì í sì í jáde láàárọ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan náà fún wa, bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀: "Ojú yín ni mo fi ń ṣọ́lé o." Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń fi ṣeré ni. Èmi ò gbà á bí eré.

Ràlíátù ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn ará òfuurufú ti dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ọmọ wẹ́dà tó ń jó géètì àti fèrèsé onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ilé wọn la ti máa ń wo eré àwọn ọmọdé akọni tó ń fò, tí wọ́n ń gba ayé lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá tó wá láti ojú sánmà. Àwa mẹ́ta náà ti di akọni. Ẹ̀ṣọ́ Ayé là ń pe ara wa. Gèlè màmá mi la máa ń so mọ́ ọrùn. Ràlíátù ní òun lè ríran gba inú ògiri, Jùwọ̀n ní òun lè sáré ju atẹ́gùn lọ, èmi sì ní tí mo bá pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tó lè rí mi.

Àwọn ará òfuurufú náà gba ilé tí wọn ò tíì parí lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí fẹ́ǹsì rẹ̀ ga ju gbogbo fẹ́ǹsì àdúgbò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti wà níbẹ̀ kí kànga wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọn kì í kí èèyàn. Ládùúgbò wa, ẹni tí kì í kí èèyàn, àfi kó jẹ́ ẹni tí kì í ṣe èèyàn. Ràlíátù gun igi máńgòrò, ó sì rí ọ̀kan nínú wọn tó wọ bàtà rọ́bà dúdú dé orúnkún, tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì roboto méjì, tí imú rẹ̀ gùn síwájú bí imú ẹlẹ́dẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Mosún, mo rí i. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rí i."

Nígbà tí omi kànga wá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yé wa. Wọ́n fẹ́ fi májèlé pa gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá mi fẹjọ́ sun lándílọ̀ọ̀dù, ìyẹn ní ó ní láti jẹ́ òróró ẹ́ńjìnnì tó ṣàn wọlẹ̀, òun máa wá ẹni tó máa gbọ́n kànga. Àwa ò dúró de ẹnì kankan.

Ọ̀sán Sátidé la lọ ṣe amí. Ràlíátù ní akọni tó bá ń ṣe amí kì í wọ aṣọ akọni, nítorí náà a bọ́ gèlè sílẹ̀. Màmá rẹ̀ ń ta píọ̀ wọ́tà. A gbé báàfù omi kan, a dà bí ọmọ tó ń kiri. Jùwọ̀n máa dúró níta, kó súfèé bí ewu bá ń bọ̀. Kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń súfèé, atẹ́gùn lásán ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ka ìyẹn sí.

A kan géètì. Ọkùnrin kan ṣí i díẹ̀. Ó wò wá, ó wo báàfù, ó ní, "Ẹ gbé e wọlé." Ó ti géètì mọ́ wa lẹ́yìn. Mo gbọ́ bí irin ìlẹ̀kùn ṣe wọlé.

Kò sí ọkọ̀ òfuurufú kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ihò ńlá kan nínú ilẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà dúdú gígùn tó jáde látinú rẹ̀ bí ìfun, tó sì wọ inú àwọn àgbá tó kún gbogbo yàrá tí kò ní fèrèsé. Nǹkan kan ń dún ṣíì-ṣíì lábẹ́ ilẹ̀. Òórùn yẹn pọ̀ débi pé omi ń dà lójú mi. Ọkùnrin kan tó ga, tó wọ fìlà, jókòó sórí táyà àlòkù. Kò pariwo, àmọ́ gbogbo àwọn tó kù ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀gá wọn nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn onímú gígùn jáde látinú ihò. Ó rìn wá síbi tí a wà, ó mú omi kan nínú báàfù wa, ó sì gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí ojú rẹ̀ kúrò.

Bọ̀ọ̀dá Délé ni.

Àbúrò màmá mi. Ẹni tó ti bá wa gbé ọdún kan gbáko, tó ń sùn ní pálọ̀, tó ń fọ aṣọ Jùwọ̀n fún un, tó kọ́ mi ní ìṣirò. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti sọ fún màmá mi pé òun rí iṣẹ́ tuntun ní agbègbè Command, pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun lòun á máa sùn. Ẹni náà ló dúró síwájú mi, tí òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, tí rọ́bà ìbòjú ti fa ilà yí ojú rẹ̀ ká.

Mo la ẹnu. Ó mi orí díẹ̀, bíńtín báyìí. Mo pa ẹnu náà dé.

Ọ̀gá wọn ti rí i. "Kí ló dé tí ọmọ yìí ń wò ẹ́ báyẹn? Ṣó o mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o, ọ̀gá," Bọ̀ọ̀dá Délé dáhùn. "Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọmọ tó ń ta omi ni."

"Ìwọ, kí lorúkọ ẹ?"

Mi ò rántí orúkọ mi. Ràlíátù ló dáhùn, ó ní, "Ìdáyàt ni, sà. Àbúrò mi ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ohùn rẹ̀ tinrín bí ohùn ọmọ ológbò. Ọ̀gá náà wò mí, ó wò mí, títí mo fi rò pé ìtọ̀ máa dà lára mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí Bọ̀ọ̀dá Délé mú wa jáde.

Lẹ́nu géètì, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń tún bàtà ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìwojú mi. "Mosún, o ò rí mi o. Tó o bá sọ fún Àǹtí mi, àwọn èèyàn yìí á pa mí. Wọ́n á tún wá sílé. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Nígbà tí a dé abẹ́ igi máńgòrò, Jùwọ̀n ń béèrè pé ẹ̀dá mélòó la rí, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn pupa. Ràlíátù kàn bú sẹ́kún. "Èèyàn ni wọ́n," ló ń sọ ṣáá, "èèyàn ni wọ́n." Ká ní ará òfuurufú ni wọ́n ni, à bá mọ ohun tó yẹ ká ṣe. A búra pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, mi ò lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní, "Àbí ibà ni?" Mo ní kì í ṣe ibà. Nígbà tí a délé tó ń gbàdúrà kí a tó jẹun, ó ní, "Olúwa, rántí Délé níbi iṣẹ́ tuntun tó rí yìí." Mo ṣe àmín. Mo ti àwo ìrẹsì mi sọ́dọ̀ Jùwọ̀n. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣá ìṣáná nínú ilé, màá sá jáde síta. Mo mọ nǹkan tí pẹtiróòlù àti iná máa ń ṣe. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀gùn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀ iná tó sọ lára páìpù epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ wa kọjá, tó jó èèyàn lójú ọ̀sán gangan, kódà ìyá kan wà lópòópónà wa tí apá rẹ̀ kan kì í nà tán.

Lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe ti iléèwé dé, gbogbo àdúgbò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé iná ti dé. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí kò ti sí iná. Inú gbogbo èèyàn dùn. Mo bojú wo ìta, mo sì rí Bàbá Ràlíátù tó ń fa wáyà rẹ̀ jáde, tó ń gbé géètì kan kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì gíga yẹn, níbi tí omi gọ́tà ti ń dán bí òṣùmàrè. Ó ti gbé awò dúdú bojú.

Ràlíátù wà ní ilé kéwú. Èmi nìkan ni.

Mo sáré. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo bá lọ jókòó sórí géètì tó fẹ́ jó, mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú.

"Mosún! Dìde níbẹ̀ jàre! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ má tàn án, Bàbá Ràlíátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án. Pẹtiróòlù ló wà nílẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀yìn ń jí i fà nínú páìpù. Bọ̀ọ̀dá Délé wà níbẹ̀." Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan, tòun ti orúkọ náà.

Ó wò mí. Ó ṣí awò, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ gọ́tà, ó gbóòórùn rẹ̀. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tẹ́rù bà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rọra fi wáyà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀, ó lọ pa iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé láìpariwo: ẹ pa sítóòfù, ẹ má ṣáná, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀, ẹ kó ọmọ yín, ẹ máa lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àdúgbò ti ṣófo. Ìyá tí apá rẹ̀ kì í nà ló kọ́kọ́ kúrò. Kò mú ohunkóhun dání.

Pápá iléèwé kan la lọ. Ibẹ̀ ni màmá mi ti rí wa, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, tó ń mí gúlegúle. Ó gbá wa mọ́ra, mo sì sọ fún un.

"Délé wa?" ló bi mí. "Délé wa, Mosún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi wá lé màmá Ràlíátù lọ́wọ́, ó yíjú padà, ó sì forí lé ọ̀nà ilé yẹn. Àwọn èèyàn ń pè é, kò bojú wẹ̀yìn. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí nínú ilé yẹn dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n kò tó èyí. Mo ń wo ojú sánmà, mo ń bẹ̀rù pé iná máa sọ, tó máa pọ́n.

Ó padà wá. Òun nìkan ni. Ó ní géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó jókòó sínú yanrìn títí àwọn agbófinró àti àwọn tó ń tún páìpù ṣe fi dé. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí wọ́n tó jẹ́ ká padà sílé. Iná kò jó. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n dí kànga wa pa.

Ọdún mẹ́rin la ò fi gbúròó Bọ̀ọ̀dá Délé. A ti kó lọ sí Egan nígbà tó wá, ó ti rù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá mi, àwọn méjèèjì sì sunkún. Màmá mi ò dá mi lẹ́bi rí láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ṣùgbọ́n ó ti yọ orúkọ àbúrò rẹ̀ kúrò nínú àdúrà oúnjẹ, mo sì máa ń mọ ibi tó yẹ ká ti gbọ́ orúkọ náà. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé fẹ́ máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí.

"Ìwọ lo sọ."

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa," ló wí. Ó sì lọ.

Mo ti di olùkọ́ báyìí, ní iléèwé aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Ògiri kan wà níbẹ̀ tó ti là láti òkè délẹ̀, tó sì tẹ̀ síbi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń tò sí láàárọ̀. Ẹni tó ni iléèwé ní kí n má bẹ̀rù, wọ́n máa tún un ṣe nígbà ìsinmi, pé kí n má lọ máa fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba àwọn òbí. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ń kọrin lórí ìlà, mo máa ń dúró sáàárín àwọn ọmọ náà àti ògiri, bí ẹni pé ẹ̀yìn mi lè gbé e dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jókòó sórí géètì kò ní iṣẹ́ tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò màmá rẹ̀ tó fẹ́ràn, ó sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á pọ̀ ju tèmi yìí lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo máa kọ̀wé sí àwọn òbí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà.