Iléyá Ìgbà Òjò Létí Dáàmù Alájì

Ní Jímọ̀ tó kọjá, kí a tó túká ní mọ́ṣáláṣí, Alfa ní kí a jókòó, ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ọmọ lọ sí dáàmù Alájì fún fàájì Iléyá ọdún yìí, àfi tí wọ́n bá tún ògiri rẹ̀ ṣe tán. Omi ti ń sun lẹ́sẹ̀ ògiri náà, àwọn ọ̀dọ́ kan sì tún ti fi àpò iyanrìn dí ibi tí àpọ̀jù omi ń gbà jáde. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni abilékọ kan ń kùn lẹ́yìn mi pé, "Ibo wá ni ká kó wọn lọ? Ṣé inú ilé la ó sé wọn mọ́ bí adìyẹ ni?" Mo yíjú wò ó, mo rí i pé àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀gbà yí i ká. N kò bá a wí, nítorí ìbéèrè gidi ló béèrè. Ṣùgbọ́n bí mo ti délé ni mo mú bírò, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń tọ́mọ lónìí kò tíì dáyé nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé tó ń wọ́ bàtà ìyá rẹ̀ kiri ni mo ti mọ dáàmù yẹn. Kì í ṣe ti ìjọba. Alájì kan tó ń ṣòwò màlúù ló ni oko ńlá lẹ́yìn ìlú. Odò kékeré kan gba inú oko náà kọjá, ó sì fi amọ̀ àti òkúta sé e, kí ẹran rẹ̀ lè rí omi mu nígbà ẹ̀rùn. Ní ìpẹ̀kun ògiri náà, wọ́n dá àlàfo kan sí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ, ó sì rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ. Bí omi bá ti pọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ, kò ní gorí ògiri. Ọ̀fun ni àwa ọmọdé ń pè é, torí pé bí omi bá ń gba ibẹ̀, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń fọ ọ̀fun nígbà àlùwàlá.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni agboolé wa ní àdúgbò Gàmbàrí máa ń lọ síbẹ̀. A ó ti pín ẹran sàárà tán, ọkọ̀ akóṣu kan láti ọjà Ìpatà yóò wá kó wa, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ẹní, ìkòkò àti igi ìdáná. Àwa ọmọ a máa wẹ̀ létí omi níbi tí kò ti jìn. Àwọn ìyá wa a dáná sẹ́sẹ̀ ògiri, ní ìhà kejì tí omi kò sí, torí pé ibẹ̀ ní ibòòji, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dín ẹran.

Àṣà kan wà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin agboolé wa ń dá. Bí a bá ti gbààwẹ̀ tán, tí ojú ti ń wọ̀nà fún Iléyá, wọn yóò rọ iyanrìn sínú àpò, wọn yóò sì fi dí Ọ̀fun, kí omi lè kún dáadáa de ọjọ́ ọdún. Nígbà tí mò ń sọ yìí, inú ọyẹ́ ni Iléyá ń bọ́ sí. Òjò ti ń lọ nígbà tí wọ́n bá dí i, omi tó kù kò tó nǹkan, kò sì sí ewu níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka ọdún wa. Ọdọọdún ni Iléyá ń sún díẹ̀ díẹ̀, ó kúrò nínú ọyẹ́, ó bọ́ sígbà ìkórè, ó sì wá wọ àárín òjò. Kò sẹ́ni tó ro ti àpò iyanrìn. Wọ́n ń dí Ọ̀fun lọ bí wọ́n ṣe ń dí i.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ó sì dá kí a tó gbéra. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí ògiri dọ́gba. Inú gbogbo wa dùn. Àbúrò bàbá mi kan, tí òun gan-an jẹ́ olórí àwọn tó ń dí Ọ̀fun, na ọwọ́ sí omi bí ẹni pé òun ló bí i. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa! Ta ló rí irú èyí rí?"

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń tètè já ni, gbogbo agboolé ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó dúró ti ẹsẹ̀ ògiri, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi," ó pe àbúrò bàbá mi bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, "ẹ wá wo ibí. Omi ń sun níhìn-ín, ó sì pupa."

"Ìyàwó, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ejò lo ní o rí, okùn ewúrẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gòkè."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe lókè? Ṣé o mọ̀ nípa dáàmù ni?"

"N kò mọ nǹkan kan nípa dáàmù o. Àyà mi ló ń já."

"Bí àyà bá ń já ọ, jókòó jẹ ẹran." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi so àbúrò mi tó kéré jù mọ́ ẹ̀yìn, ó gbé abọ́ ńlá tí ẹran dídín wà sórí, ó sì kọrí sí òkè níbi tí ọkọ̀ wa dúró sí. Kò wẹ̀yìn.

Àbúrò bàbá mi kígbe pé, "Ẹ gbà wá o! Ìyàwó ti gbé ẹran lọ!"

Àwa ọmọdé la kọ́kọ́ sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá wa gbá tọ̀ wá, wọ́n ń bú u. Ìyá bàbá mi, tó ń fa tẹ̀sùbáà lórí ẹní, wò yíká, ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni kí n máa ṣọ́ iná tí kò ní ẹran?" Òun náà dìde. Àbúrò bàbá mi ló kẹ́yìn, ó ń kùn bọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa lókè, ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́, ó mú ẹran.

Kò tíì fi sẹ́nu tí ariwo fi sọ nísàlẹ̀. Ibì kan wà lórí ògiri tí àwọn màlúù ń gbà kọjá, tí pátákò wọn ti jẹ ẹ́ rẹlẹ̀. Omi ti gorí ibẹ̀, ó ń gé amọ̀ bí ọ̀bẹ. Lójú wa ni apá ibẹ̀ ya lulẹ̀, omi rọ́ jáde, ó sì gbá ààrò, igi ìdáná àti gbogbo ẹní wa lọ. A dúpẹ́ pé àwọn tó ń dá ọgbà ẹ̀fọ́ lápá ìsàlẹ̀ ti lọ sílé ọdún. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó fara pa.

Àbúrò bàbá mi dá ẹran padà sínú abọ́. Ó ní, "Ìyàwó, gbé abọ́ yẹn wá kí n bá ọ gbé e." Ìyá mi gbé e fún un.

Alájì kò torí ẹ̀ lé wa. Nígbà tí ẹ̀rùn dé, ó mọ ògiri náà padà, ó to òkúta lé e, ó ya ọ̀nà mìíràn fún màlúù, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dí Ọ̀fun mọ́. A ń lọ, a ń wẹ̀, a ń ṣeré, títí tí èmi náà fi lọ sílé ọkọ.

Ọdún gorí ọdún. Alájì ti jáde láyé, ògiri ti gbó, igi ti hù lára rẹ̀. Iléyá yí padà dé inú ọyẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò iyanrìn dí Ọ̀fun. Ní báyìí, ọdún ti tún sún bọ́ sínú òjò. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ burúkú. Wọn kò gbọ́ ìtàn ni.

Nítorí náà ni mo fi mú àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó ń yọ mí lẹ́nu pé òun yóò bá ẹgbẹ́ òun lọ, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbẹ̀ ní Sátidé. A bá ọmọ Alájì obìnrin níbẹ̀, ìyẹn Alájà tó ń bójú tó oko báyìí, pẹ̀lú ẹnjiníà kan àti àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹnjiníà ní kí wọ́n máa yọ àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi lè máa fà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní, "Mọ́mì, bàbá mi ní ìgbà tiwọn náà, wọ́n ń dí i."

Mo ní, "Ìgbà wo ni Iléyá ń bọ́ sí nígbà tiwọn?"

Ó ronú. "Wọ́n ní nínú ọyẹ́ ni." Ó wojú ọ̀run tó ṣú. "Họ́wù!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò tó kàn.

Alájà fi ibi tuntun tí a ó máa jókòó sí hàn mí, lókè, lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ti ri òpó, wọ́n ti ta okùn sínú omi kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí kò jìn. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Gàmbàrí, ẹ fẹ́ràn ẹsẹ̀ ògiri yẹn jù."

Mo ní, "Atẹ́gùn ibẹ̀ ni."

"Atẹ́gùn wà lókè náà, Ìyá."

Òótọ́ ló sọ. Mo jókòó níbẹ̀, mo sì rí i. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tí ẹ̀rù bà ni a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Lónìí, Alfa kéde rẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́, àwọn ọ̀dọ́ ń fọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Mo gbà pé àwọn ọmọ yín àti tèmi yóò ṣì wẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ dúró títí Alájà yóò fi ní kí a máa bọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó lókè, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín ṣeré lẹ́sẹ̀ ògiri. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ohunkóhun dí Ọ̀fun, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀rùn.