Ilẹ̀kùn Gíláàsì Inú Balùwẹ̀ Wa

Òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí ni ó máa ń gba balùwẹ̀ wa ní àdúgbò Fate láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn. Ó ti wẹ̀ tán, ó fi táwẹ̀lì rẹ̀ kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣáwà, ó ní, "Alhaji, ẹ máa rọra ti gíláàsì yìí o. Kì í ṣe ilẹ̀kùn mọ́tò." Ojoojúmọ́ ni ó ń sọ ọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, ó ti kú.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ọṣẹ kó sí mi lójú, mo fi agbára ti ilẹ̀kùn náà, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí yìnyín. Mo dúró sí àárín rẹ̀ pẹ̀lú orí tó kún fún ìfófò, mo pe ìyàwó mi pé kí ó bá mi gbé sílípáàsì wá. Ìgbà tí n kò gbọ́ ìdáhùn ni mo tó rántí.

Ọmọbìnrin wa gbọ́ lórí fóònù. "Bàbá, ẹ ò lè dá gbé. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá ihò níbi ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀dọ̀ mi ní Àbújá la jọ ń lọ." Ó jọ ìyá rẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Èmi kò sì fẹ́ fi ilé yẹn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo wa mọ́tò lọ sí Ọjà Tuntun, mo gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù oní-gíláàsì, mo sì jókòó sínú mọ́tò. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe: mò ń dúró de ìyàwó mi. Kì í jẹ́ kí n wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ojú mi ti ń sanwó kí wọ́n tó dá iye lé ọjà. Òun ló ń lọ ná an, bí ó bá ti kù díẹ̀, á nawọ́ sí mi pé, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ Alhaji." Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n mi orí pé rárá lọ.

Nígbà tó ṣe, oní-gíláàsì fúnra rẹ̀ wá bá mi lójú wíńdò. Mo na ìwé tí mo kọ ìwọ̀n sí sí i.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún, Alhaji, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́."

N kò mọ ohun tí ìyàwó mi ìbá sọ. Èyí tí mo mọ̀ ni mo ṣe: mo mi orí.

"Ó dáa, àádọ́ta-lé-nígba."

Mo tún mi orí, mo ń wo àga ẹ̀gbẹ́ mi.

"Háà! Alhaji, ẹ má pa mí! Ẹ mú igba wá, Wọ́láì, iye tí mo rà á nìyẹn!" Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin le o. Ta ló kọ́ yín ní ọjà níná?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ṣùgbọ́n ẹ má mú wọn wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọkùnrin náà rò pé owó tí mo jẹ lára òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ti rò pé ìyàwó mi nìkan ló ń ná ọjà wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. N kò mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí ọmọ wa tó dé, mo wẹ̀, mo fi táwẹ̀lì kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun náà, mo sì rọra tì í.