Àgùntàn Wọlé, Agbo Dínkù

Ohùn àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi létí bí mo bá rántí ọdún tí mo fi ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó. Ooru á ti gba gbogbo kíláàsì, páànù òrùlé á máa dún pàpà lórí wa, àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà á sì fi gbogbo ọ̀fun wọn ké e: "Ńlá pẹ̀lú kékeré, pín in! Kò pín, wọ́n súnmọ́ra, yọ ọ́ kúrò! Kò pín, wọ́n jìnnà síra, sọ ọ́ di púpọ̀! Gbogbo wọn kéré, rò ó pọ̀!" Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ké e, a fi Hausa díẹ̀ lú u, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Èmi á dúró níwájú wọn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Mo gbà pé ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn.

Ká má parọ́, èmi kì í ṣe olùkọ́ ìṣirò. Ìtàn ìlú àti ti àwọn ọba ni mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì. Ìgbà tí mo gbé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ ìyáàfin ọ̀gá ilé-ìwé, ó wo lẹ́tà, ó wo aṣọ kákí mi, ó ní, "Kọ́pà, ṣé o jáde yunifásítì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ó dáa, o mọ ìṣirò nìyẹn." Bí wọ́n ṣe gbé kíláàsì kẹfà lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, ọdún tí wọ́n máa ṣe ìdánwò àtiwọlé sí ilé-ìwé gírámà ìjọba.

Òfin tí mo kọ́ wọn yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rí i pé ìṣirò tí wọ́n bá fi ìtàn sí nínú kò yẹ kí ènìyàn kà. Kí ló kàn mí nípa ẹni tó lọ sọ́jà, tó ra ọsàn, tó fún àbúrò rẹ̀ ní díẹ̀? Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni kí n yọ jáde, kí n wo bí wọ́n ṣe tóbi sí, kí n ṣe ohun tí ìtóbi wọn bá sọ. Ìwé tí a sì ń lò jẹ́ kó dà bíi pé òótọ́ ni, torí orí kan nínú ìwé, pínpín nìkan ló wà níbẹ̀, orí kejì, ìyọkúrò nìkan. Ẹni tó bá dijú ṣe é, á gbà á. Àwọn ọmọ mi ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, títí tí ọ̀gá wa fi ń kó àwọn olùkọ́ tó kù wá sí ojú fèrèsé mi kí wọ́n wá wo bí Kọ́pà ṣe ń ṣe é. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin ka ìtàn ni mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó má ka ìtàn.

Gidan Igwai ni mò ń gbé, nínú ilé ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n bí sí Sókótó níbẹ̀, tó jẹ́ pé Hausa rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ọjà Kara ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni olórí àwọn tó ń kó àgbò sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí apá gúúsù. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà wà ní kíláàsì mi. Bàbá onílé ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí ọmọ náà kò bá wọ ilé-ìwé ìjọba yẹn, Ìlọrin ló ń lọ, kó lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá òun, kó lọ síbi tí mọ̀lẹ́bí ti lè mójú tó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dé Ìlọrin rí láyé. Inú fọ́tò ló ti mọ ìyá bàbá rẹ̀. Sókótó ni ìyá rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

Ọjọ́ Sátidé kan tí Iléyá ti ń súnmọ́, bàbá onílé ní kí n bá òun dé Kara, kí n lọ wo ọjà. A bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, eruku àti ariwo àgbò ti gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ti gbé fùrá, ọkà tí wọ́n fi wàrà pò, wá fún bàbá rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alágbò kan wá bá wọn, ó ní àgbò òun jẹ́ àádóje, mẹ́wàá nínú wọn ń tiro, wọn ò lè rìnrìn àjò, ọkọ̀ kan a sì máa gba ogójì. Ọkọ̀ mélòó ni kí òun pè?

Àṣà àwọn tó ń kó àgbò ní Kara ni pé wọn kì í ka nǹkan kan kí wọ́n tó rìn ín já lẹ́nu. Olórí á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbò náà níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù á sì dáhùn "To," ìyẹn ni pé wọ́n ti rí i. Bàbá onílé bẹ̀rẹ̀: "Àgbò àádóje wà nílẹ̀." Wọ́n ní, "To." "Mẹ́wàá tó ń tiro jókòó sílé." "To." Ara mi kò gbà á mọ́. Yunifásítì ni mo ti wá, ṣé irú ìjókòó báyìí ló yẹ kí n máa wò? Mo ti fi igi kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilẹ̀ yanrìn. Àádóje tóbi, mẹ́wàá kéré, mo pín in, ó di mẹ́tàlá. Mẹ́tàlá àti ogójì kò pín, wọ́n súnmọ́ra díẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ọkọ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni."

Bàbá onílé ní, "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Haba, Kọ́pà! Ṣé àgbò kọ̀ọ̀kan fẹ́ jókòó ti fèrèsé ni?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bàbá arúgbó kan fi etí láwàní rẹ̀ nu omi ojú. Wọ́n padà sídìí àgbò wọn, wọ́n rìn ín já, ó jẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ohun tí mo kọ sí ilẹ̀ yanrìn, torí ohun náà gan-an ló máa gbé wọ inú ìdánwò. Lójú ọ̀nà ilé, mo ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ìṣirò ìwé yàtọ̀ sí ìṣirò ọjà. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo kàwé."

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdánwò, lẹ́yìn ìrun alaasari, ọmọ náà wá bá mi ní fàráǹdà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Kọ́pà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ọkùnrin kan ní àgùntàn méjìdínláàádọ́ta. Ó pín wọn dọ́gba sí agbo mẹ́rin. Àgùntàn méjì mìíràn tún wá dara pọ̀ mọ́ agbo kọ̀ọ̀kan. Mélòó ló wà nínú agbo kan? Mo lo òfin wa, ó fún mi ní mẹ́fà."

Mo ní, "Ó dára."

"Ṣùgbọ́n méjìlá ló wà nínú agbo kan kí àwọn tuntun tó dé, sà. Àgùntàn méjì wọlé, agbo wá dínkù. Ṣé wọ́n pa àwọn tó kù jẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Nígbà tí ènìyàn kò bá ní èsì, òwe ló máa ń sá lọ bá. Mo ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní ẹni tó bá ń ka ìtàn nínú ìdánwò, aago á lù kó tó parí, kó di òfin rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìlọrin ni mò ń rò. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, mo gbé ìwé náà, mo sì ka ìtàn kan nínú ìṣirò dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mẹ́rìnlá ni. Ọmọ náà tọ́, èmi ni mo ṣì í. Ó yẹ kí n wọ kíláàsì ní ọjọ́ kejì kí n sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ti pe àlejò láti ilé-ìwé mìíràn wá wò mí lọ́jọ́ náà, mo sì dúró níwájú wọn, mo ní kí àwọn ọmọ ké òfin. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Kasarawa ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ìdajì àkókò kò tíì pé tí àwọn ọmọ mi fi ń tú jáde tayọ̀tayọ̀, "Malam, ó rọrùn!" Mo ka ọgbọ̀n. Mẹ́fà tó kù, títí aago fi lù ni wọ́n jókòó, ọmọbìnrin yẹn ló gbẹ̀yìn wọn. Mo gba bébà tó fi ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Àgùntàn ló yà síbẹ̀, ó ya ọkọ̀, ó ya agbada omi, ó kọ "wọ́n dé" sí ibì kan, ó kọ "wọ́n lọ" sí ibòmíràn. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Ìwọ ti rí Ìlọrin lọ nìyẹn." Ó bú sẹ́kún. Odidi oṣù kan ni ìyá rẹ̀ fi ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì díẹ̀díẹ̀, tí ìyá náà sì tún ń gbé túwó wá fún mi nírọ̀lẹ́, tí mo sì ń jẹ ẹ́.

Èsì jáde. Mẹ́fà ló yege, orúkọ ọmọbìnrin yẹn ló ṣíwájú. Ilé-ìwé wa kò tíì rí ju méjì lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, nítorí náà ayọ̀ gba gbogbo ọgbà. Wọ́n fún mi ní aago ara ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ló wá sọ fún mi pé abẹ́ igi dógóyárò ni ọmọ ilé wa máa ń kó àwọn jọ sí bí agogo ìsinmi bá lù, á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìṣirò níkọ̀ọ̀kan, àwọn á sì máa dáhùn "To."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá onílé gbé káfútàánì funfun kan fún mi. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá Kọ́pà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa." Mo wá yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, mi ò rí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá bo àṣírí mi lójú bàbá rẹ̀. Mo gba aṣọ náà, mo sì wọ̀ ọ́ ya fọ́tò.

Ó ti pẹ́. Mo máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níbi tí a bá ti ń ṣeré, àwọn ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo máa ń dá a dúró sí. Bí mo bá dá wà, ó máa ń kọjá ibẹ̀. Mo rántí ojú àwọn mẹ́fà tó yege, mo lè pè wọ́n lórúkọ títí dòní. Ọgbọ̀n tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí wọ́n sáré jáde pẹ̀lú ayọ̀, mi ò rántí ojú ẹyọ kan nínú wọn.