Àmì Ọ̀dà Pupa Ìdí Abọ́ Ìyá Mi

Nígbà tí èmi náà ṣì ń sáré kiri lẹ́sẹ̀ lásán ní abúlé wa nítòsí Ìjọ̀ún, a kò mọ̀ pé ìlà kan wà láàárín àwa àti àwọn ẹbí wa. Ọ̀nà Kétu, ní òdìkejì bọ́dà, ni ilé ìyá ìyá mi wà, ìrìn òwúrọ̀ kan péré. Èdè kan náà là ń sọ, oríkì kan náà ni wọ́n fi ń kí wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ru èlùbọ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ti di ọ̀daràn. Ohun tí wọ́n pe ìyá mi nìyẹn.

Àwọn ológun ló wà lórí àléfà, wọ́n sì ti bọ́dà pa. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ, kó sì tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn aṣọ́bodè ti kún ọ̀nà oko wa. Ara ìyá ìyá mi kò yá nígbà náà. Ìyá mi ru èlùbọ́ lọ bá a, wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní fàyàwọ́ ló ń ṣe. Wọ́n gba èlùbọ́, wọ́n sì gba abọ́ táńganran ńlá tó fi rù ú. Abọ́ yẹn ló fi ń ṣòwò. Ó ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo obìnrin ọjà ló ní àmì tirẹ̀, kí abọ́ wọn má baà dà pọ̀ mọ́ra. Ẹkún ló sun wọlé. Bẹ́ẹ̀, lójú títì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tìlù tìfọn, ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn dúró. Ẹrù olówó kì í ṣe fàyàwọ́! Ìyá ìyá mi kú kí wọ́n tó ṣí bọ́dà, ìyá mi kò sì rí i sin.

Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè náà ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń jókòó fún yín, nítorí ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọmọ ọ̀gá, ọmọ onísọ́ọ̀bù àti ọmọ tíṣà wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú. Àwa ọmọ àgbẹ̀ wà lẹ́yìn, lórí pákó tí wọ́n gbé lé búlọ́ọ̀kù. Bí òjò bá rọ̀, orí wa ló ń jò sí. Bí iṣẹ́ bá wà lóko ọ̀gá ilé ìwé, àwa tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń kó lọ, àwọn tó wà níwájú á sì máa ka ìwé wọn lọ. Tí èsì ìdánwò bá wá jáde, wọ́n á ní ọmọ àgbẹ̀ kò ní ọpọlọ. Irọ́ gbuu!

Ìbínú ni mo fi kàwé. Lọ́dún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, èmi ni mo gba ipò kìíní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ẹ̀bùn, ọ̀gá ilé ìwé ní ọ̀gá aṣọ́bodè ló fi gbogbo ẹ̀bùn náà ta wá lọ́rẹ. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin ọ̀gá aṣọ́bodè náà, tó ṣe ipò kẹsàn-án, gba báàgì aláwọ tuntun nítorí pé ó mọ́ tónítóní. Báwo ni kò ṣe ní mọ́, nígbà tí kì í bá wa lọ sóko? Wọ́n pè mí. Ọ̀gá aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ gbé abọ́ táńganran ńlá kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ìka mi kan ibi tí ọ̀dà ti wú nídìí rẹ̀. Mo dojú abọ́ dé, mo wò ó. Ìlà pupa mẹ́ta.

Ẹni tó fipá gba nǹkan kì í yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi láàárín àwọn òbí. Ó ti rí i. Ó mirí sí mi, ó yára bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tó jà á lólè.

Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Bí ẹ ti ṣe é fún wa, Ọlọ́run á ṣe é fún yín."

Gbogbo wọn ṣe àmín.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní màá fọ́ abọ́ náà mọ́ òkúta. Mo bínú sí aṣọ́bodè, mo bínú sí ọ̀gá ilé ìwé, ṣùgbọ́n ìyá mi gan-an ni mo bínú sí jù. Kí ló dé tó kúnlẹ̀? Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ká ìborùn rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé e rù.

"Bí mo bá pariwo, ta ni yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ?"

Fọ́ọ̀mù ìdánwò tí yóò gbé mi wọ girama l'Áyétòrò ló ń sọ. Ọ̀gá ilé ìwé nìkan ló lè fọwọ́ sí i, òun àti ọ̀gá aṣọ́bodè sì ni wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu. Ó fọwọ́ sí i. Mo kàwé, mo di tíṣà, nígbẹ̀yìn mo di ọ̀gá ní ilé ìwé yẹn kan náà. Abọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi títí dòní. N kò jẹun nínú rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n tún ti bọ́dà pa ní ìjelòó, ìyá mi ti kú. Àwọn aṣọ́bodè tún kó ẹ̀bùn wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi, abọ́ lóríṣiríṣi. Mo ní ọjọ́ ẹ̀san ìyá mi dé. Níwájú gbogbo òbí, mo dojú àwọn abọ́ náà dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé nídìí, wọ́n fi irin gbígbóná jó àmì sára òmíràn.

Mo ní, "Ta ló ni àmì yìí? Kó bọ́ síta wá mú abọ́ rẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Mo tún bèèrè. Àwọn ìyá tẹ orí ba. Mo rí obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́ ọlọ́dà aláwọ̀ ewé, tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìwé mẹ́fà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó mirí sí ọmọ náà.

Wọ́n máa ń sọ fún mi pé ayé ti yí padà. Lóòótọ́ ni, gbogbo ọmọ ló ní bẹ́ǹṣì báyìí, òrùlé wa kò sì jò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kì í ṣe àwọn aṣọ́bodè ni obìnrin yẹn ń bẹ̀rù lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù báyìí.