Orogún Ìyàwó Mi Kì í Jí Lọ́sàn-án

Orogún ni ìyàwó mi ń pe ọkọ̀ mi, torí abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ náà ti dàgbà lóòótọ́. Láàárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wà á díẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì pa á, ó parí nìyẹn, kò ní sítáàtì mọ́. Àárọ̀ ni mo máa ń gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Wadata, ní Niamey níbí, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sọ mí di òpùrọ́. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ bátìrì, mo tún ṣépè fún un.

Ìyá ìyàwó mi wá ní òun ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò: bóyá ìyà ń jẹ ọmọ wọn ní Niamey. Mo fọ ọkọ̀ títí ó fi ń dán.

Ọ̀sán gangan ni bọ́ọ̀sì wọn dé gáréèjì, níbi tí mo ti gbé ọkọ̀ dúró dè wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kó ẹrù wọn, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn bíi dẹ́rẹ́bà mínísítà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń kùn ṣáá, kò gbiná.

“Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?”

“Rárá o, Màmá. Òní nìkan ni.”

Àwọn onítakisí ti yí wa ká. Ọ̀kan ń pariwo, “Patron, c'est la batterie!”, pé bátìrì ni. Òmíràn ní epo ló tán. Inú bí mi débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan páǹpù tó ń fa epo sínú ẹ́ńjìnnì, mo sì figbe ta. Ó gbóná bí agbada àkàrà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, awakọ̀ akẹ́rù kan ń da omi sára àpò tó wé mọ́ kẹ́ẹ̀gì omi mímu rẹ̀, kó lè tutù. Ojú mi là. Epo ló ń hó nínú páǹpù! Ooru rẹ̀ lásán ló ń dé inú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe epo gangan. Aṣọ tútù ni mo nílò, epo sì ti rin gbogbo àkísà tí mo ní. Mo gbójú sókè, mo rí gèlè Màmá.

Mo tún dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní gèlè yín.”

“Ta ló fẹ́ wé e?”

“Ẹ́ńjìnnì ni, Màmá.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fa ìborùn bo orí, wọ́n tú gèlè, wọ́n sì na búútà àlùwàlá wọn sí mi. Mo rẹ gèlè náà, mo wé e mọ́ páǹpù. A dúró, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ó wúkọ́, ó sì gbiná. Mo pariwo bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ.

Nígbà tá a délé wa ní Talladjé, ìyàwó mi sáré jáde wá dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó dúró lójijì. “Màmá, gèlè yín ńkọ́?”

“Orogún ẹ tó o máa ń ròyìn fún mi lórí fóònù, mo ti bá a pàdé. Ara ẹ̀ ń gbóná, ni mo bá ní kí wọ́n wé gèlè mi fún un.”

Mo rántí “òní nìkan ni” tí mo sọ, mo sì wolẹ̀.

Màmá kò wò mí. “Bó bá ń tọ́jú ìwọ náà báyẹn,” wọ́n ní, “ọkàn mi balẹ̀.”