Àgò Lórí Pápá

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwa mẹ́ta la kù sórí pápá ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́: ọmọ mi obìnrin, èmi, àti obìnrin tó ń kọ́ òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ díje ní Ọ̀yọ́. Bí ọmọ mi kò bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí, kò ní bá wọn lọ.

Kóòṣì kì í wo bọ́ọ̀lù. Yóò jókòó sórí korobá tó dojú dé, yóò máa jẹ orógbó, ìbàdí ọmọ ni yóò máa wò.

"Igi ìdáná lo ń là yẹn! Apá nìkan lo ń lò. Báwo lo ṣe ń da omi ìfọṣọ nù nílé?"

Ó dìde, ó gbé korobá fún un. Ọmọ mi yí ìbàdí, ó ṣe bí ẹni da omi, ó sì kígbe pé, "Àgò o!"

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí orógbó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ta lo ń kágò fún?"

"Kí omi má baà ta sí èèyàn lára, mà. Bí màámi ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó kú."

Kóòṣì gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Gbé igi. Tó o bá ti kágò, kí ìbàdí yí, kí apá tẹ̀lé e."

"Àgò o!" Bọ́ọ̀lù tí mo jù sí i fò kọjá ògiri.

"Dádì, ẹ ò ní bá wa wá bọ́ọ̀lù ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti gbé ọmọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, mo gbé omi tí mo fi fọ aṣọ lọ sẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo kágò kí n tó dà á nù.